Láti Amọ̀nà di Afinimọ̀nà: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí ó Fẹ́ Pààrọ̀ Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀nà kan kò bá dí, ọ̀nà mìíràn kì í là. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu ní Morogbo, ìlú tí mo gbé dàgbà, ní ojú títì tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì. Ẹni tí ó jẹ́ awakọ̀ lánàá lè máa ta àgbọn lónìí. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé lè di oníṣòwò ẹja kí ọdún tó yípo. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń yà sí ní agbègbè wa, ọ̀kan wà tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà kà á kún iṣẹ́ tiwa. Iṣẹ́ náà ni ti àwọn tí ń mú arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri Àgbádárìgì, tí wọ́n ń fi ibi ìtàn hàn wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò pọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi ẹlòmíràn mọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èyí gbọdọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

ORÚKỌ IṢẸ́ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nínú kíláàsì. Bí a bá tú "amọ̀nà" palẹ̀, ohun tí a ó rí ni a + mọ̀ + ọ̀nà, èyí ni ẹni tí ó mọ ọ̀nà. "Afinimọ̀nà" gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: a + fi + ẹni + mọ̀ + ọ̀nà, èyí ni ẹni tí ó mú kí ẹlòmíràn mọ ọ̀nà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni ó ṣíwájú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìṣe "mọ̀" kan náà sì ni ó wà nínú wọn. "Ẹni" tí ó wọ àárín ọ̀rọ̀ kejì ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kò sí àlejò rárá. Ènìyàn lè jẹ́ amọ̀nà kí ó máa dá rìn. Nínú ọ̀rọ̀ kejì, àlejò wà láàárín gbùngbùn.

Lóòótọ́, ní ẹnu lásán a máa ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì pe ẹnì kan náà. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ tí mo ń wí yìí hàn kedere bí a bá dé ẹnu iṣẹ́. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Afinimọ̀nà ni ó ń yá a ní ojú tí yóò fi ríran.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì láti Mile 2 dé Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́ láti máa jókòó sídìí ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n bá wá ṣe ìbẹ̀wò lọ káàkiri Àgbádárìgì. Mo bá wọn lọ ní ìgbà ìsinmi kan. Kò sí kòtò tí bàbá yìí kò mọ̀ lójú títì. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì mọ iye tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọjà ẹrú Vlekete, gbogbo ohun tí ó sọ ni pé, "Ibí ni wọ́n ti ń tà wọ́n." Ọmọbìnrin kan bi í pé, "Bàbá, ta ni ó ń jẹ́ Vlekete?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n lọ béèrè."

Ó sì lọ béèrè lóòótọ́. Ó lọ bá àwọn àgbà Ogu, wọ́n sì sọ fún un pé òrìṣà òkun àti ti afẹ́fẹ́ ni Vlekete, àti pé orúkọ òrìṣà náà ni ọjà ń jẹ́. Nígbà tí mo tún rí i, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí a tó bí ọ. Mo mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó. N kò mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n." Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti yípadà. Títí di ìgbà náà, awakọ̀ tí ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni.

ẸNI TÍ Ó ṢE IṢẸ́ YÌÍ ṢÁÁJÚ WA

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní etíkun wa. Ní ìparí ọdún 1825, Hugh Clapperton, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti la ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Sókótó. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin Haúsá kan náà wà níbẹ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní William Pascoe. Abubakar ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti kó ọkùnrin yìí lẹ́rú rí. Lẹ́yìn náà ó di atukọ̀ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti yá a fún Belzoni, arìnrìn-àjò ará Ítálì kan, kí ó máa ṣe ògbufọ̀ fún un. Belzoni kú ní Gwato, lẹ́bàá ìlú Benin, ní 1823. Lẹ́yìn náà ni Pascoe tẹ̀lé Clapperton. Nígbà tí Lander àti John àbúrò rẹ̀ tún gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹta ọdún 1830 láti wá ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, Pascoe ni wọ́n tún mú lọ́wọ́.

Ẹ wo iye ìgbà tí ọkùnrin kan ṣoṣo pààrọ̀ iṣẹ́: láti oko ẹrú sí ọkọ̀ ogun, láti ọkọ̀ ogun sí iṣẹ́ ògbufọ̀ àti afinimọ̀nà. Kí ni ó gbé e dé ibẹ̀? Kì í ṣe pé ó mọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà. Èdè ni ó ní. Ó gbọ́ Haúsá, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè dúró láàárín ọba ilẹ̀ yìí àti àlejò tí kò mọ bí a ti ń kí ọba. Ilé-ìwé tí ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ju orí ọkọ̀ lọ. Iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ ni ó fún un ní irinṣẹ́ fún tuntun.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ìtàn yìí tí kò dùn. Ní 1832, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ̀nù fún Richard Lander ní ẹ̀bùn nítorí iṣẹ́ Odò Ọya. Lander ni gbogbo ayé ń ránti. Ta ni ó ń ránti Abubakar? Afinimọ̀nà lè mú àlejò dé ibi tí yóò ti gba orúkọ, kí orúkọ tirẹ̀ máà sí níbẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí nítorí òkìkí tún inú rò.

AGBÁRA TÍ Ó WÀ LẸ́NU AFINIMỌ̀NÀ

Àpẹẹrẹ kejì jìnnà díẹ̀ sí Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ń fi ilé ẹrú han àlejò. Ní erékùṣù Gorée, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àwọn Ẹrú. Nǹkan bí ọdún 1776 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tí ó sọ ilé yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Boubacar Joseph Ndiaye. Wọ́n bí i ní 1922. Ọmọ ogun Faransé ni ó jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn tí Sẹ̀nẹ̀gà gba òmìnira ní 1960, ó di olùtọ́jú ilé náà àti ẹni tí ń fi í han àlejò, ó sì ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú ní 2009.

Àwọn tí ó rí i sọ pé bí Ndiaye bá gbé ẹ̀wọ̀n sókè tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, omi a máa bọ́ lójú àgbàlagbà. Nelson Mandela dé ibẹ̀ ní 1991. Póòpù John Paul Kejì dé ibẹ̀ ní 1992. Ilé kékeré kan di ibi tí olórí ayé ń wá dúró sí jẹ́ẹ́. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣe gudugudu méje àti yàyà mẹ́fà yìí.

Ṣùgbọ́n Ndiaye máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹrú ni ó gba Gorée kọjá. Àwọn onímọ̀ ìtàn, lára wọn ni Philip Curtin ará Amẹ́ríkà, tako ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12 ààbọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ láti gbogbo etíkun Áfíríkà sọdá Òkun Àtìláńtíìkì. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì nínú wọn ni wọ́n kó láti etíkun tiwa yìí, láti apá Togo títí dé Èkó. Iye tí ó gba Gorée kọjá kò sún mọ́ mílíọ̀nù kan rárá.

Ǹjẹ́ èyí sọ Ndiaye di ẹni yẹ̀yẹ́? Rárá o. Bí kò bá sí i, bóyá ilé náà ì bá ti wó, ìtàn náà ì bá sì ti di ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tí àsọdùn ṣe ni pé ó fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ìtàn ẹrú rárá ní ohun tí wọn yóò dì mú. Bí a bá ká irọ́ kan mọ́ ènìyàn lẹ́nu, òtítọ́ mẹ́sàn-án tí ó sọ tẹ̀lé e yóò di ohun tí à ń wò láwòtúnwò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹnì kan péré tí wọ́n kó kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ́wọ̀n tó fún wa láti sunkún lé lórí. Kò sí ìdí tí a ó fi bu iyọ̀ kún un.

OJÚ RÍ, ETÍ GBỌ́, ÌWÉ WÍ

Báwo wá ni afinimọ̀nà ní Àgbádárìgì yóò ṣe sọ ìtàn tí yóò wọ àlejò lára, tí kò sì ní pa irọ́? Èdè Yorùbá ti ṣe ọ̀nà sílẹ̀ fún un. A kì í sọ ohun tí a fojú rí bí ẹni sọ ohun tí a fetí gbọ́. A ní "mo rí i", a ní "wọ́n ní", a ní "a gbọ́ pé", a sì ní "ìwé wí pé". Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré wọ̀nyí ni mo pè ní irinṣẹ́ afinimọ̀nà.

Ohun tí ojú rí: nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìdílé Mobee, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀ tí àlejò lè fi ọwọ́ kàn. Nínú àgbàlá Ṣeríkí Williams Abass, àwọn yàrá kótópó tí wọ́n ń kó ẹrú sí ṣì wà. Níbí, kí afinimọ̀nà dín ọ̀rọ̀ kù. Irin ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí etí gbọ́: bí a bá fi ọkọ̀ sọdá ọ̀sà sí Gberefu, kànga kan wà ní ojú ọ̀nà òkun. Wọ́n ní bí ẹrú bá mu nínú omi rẹ̀, yóò gbàgbé ilé. Wọ́n tún ní àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Agbede ni ó ni oko tí ìlú ti gba orúkọ, pé "Agbedegreme" ni àwọn Ogu ń pè é, kí àwa Yorùbá tó sọ ọ́ di Àgbádárìgì, kí Òyìnbó tó sọ tirẹ̀ di Badagry. Kí afinimọ̀nà sọ ìtàn wọ̀nyí tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kí "wọ́n ní" ṣáájú wọn. Kò sí ohun tí ó bu ìtàn kù nínú "wọ́n ní". Ohun tí ó ń sọ fún àlejò ni pé àwọn kan ń bẹ tí wọ́n fi ìtàn náà pamọ́ fún wa.

Ohun tí ìwé wí: Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ó sì wàásù lábẹ́ igi Agia. Igi náà wó ní 1959. Òkúta ìrántí ni ó dúró síbẹ̀ báyìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà parí ní 1845. Àwọn kan a máa sọ fún àlejò pé inú ilé yìí ni Samuel Ajayi Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí á ka ọdún. Crowther dé Àgbádárìgì ní 1845, ó sì lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884. Nítorí náà, kí afinimọ̀nà sọ pé Crowther gbé ní Àgbádárìgì, pé ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe ti jáde ní 1843 kí ó tó dé ibẹ̀, àti pé iṣẹ́ Bíbélì gba nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, òtítọ́ yìí tilẹ̀ dùn ju ìtàn tí wọ́n fi bò ó lọ.

Òtítọ́ kan tún wà tí ó ṣòro jù. Ṣeríkí Abass tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil láti kékeré. Ó padà wá, ó sì di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀, ó di ìjòyè, ó di olówó, kí ó tó kú ní 1919. Àlejò tí ó wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n tà; ẹni tí ó ta omi fún un lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ó tà á. Afinimọ̀nà dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru Òyìnbó, ó ti tan àlejò. Bí ó bá sì fi ọmọ olóhun bú bàbá rẹ̀ lójú agbo, ó ti ba ilé jẹ́. Ibí ni ọgbọ́n àti ìwà ti ń ṣiṣẹ́ ju ìwé lọ.

MÁ GBÀGBÉ ÈDÈ OGU

Àwa ọmọ Yorùbá ní ìwà kan: a máa ń sọ ohun gbogbo di tiwa. Àwọn Ogu ni ó ni Àgbádárìgì pẹ̀lú wa, wọ́n sì ní èdè tiwọn. Bí a bá rí Zangbeto tí ń yí, a ó ní "eégún àwọn Ogu ni." Ṣùgbọ́n ní èdè wọn, "zan" ni òru, "gbeto" sì ni ènìyàn: ẹni òru ni Zangbeto, olùṣọ́ tí ń ṣọ́ ìlú nígbà tí gbogbo ènìyàn bá sùn. Bí afinimọ̀nà bá pè é ní eégún, ó ti gbé iṣẹ́ ará ọ̀run fún ọdẹ ìlú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n ó yí ohun tí àlejò rí padà pátápátá.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ PÀÀRỌ̀ IṢẸ́

Ẹ̀kíní, kí ó kó ohun tí ó wúlò wá láti inú iṣẹ́ àtijọ́. Tíṣà mọ bí a ti ń ṣàlàyé. Apẹja mọ ìgbà tí ọ̀sà ń bínú. Awakọ̀ mọ àkókò. Oníṣòwò mọ ojú ènìyàn. Kò sí iṣẹ́ tí ó ṣòfò.

Ẹ̀kejì, kí ó má fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ lójijì. Àlejò kì í wá lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá ní sáà wọn, àwọn ará òkè òkun ń wá ní ìgbà tiwọn, òjò sì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ó máa fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe é ná.

Ẹ̀kẹta, kí ó kọ́ iṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ fún irú iṣẹ́ yìí tí a mọ̀ sí NIHOTOUR. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó wà ní Àgbádárìgì náà jẹ́ ilé-ìwé fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà. Àwọn àgbà sì wà. Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Yorùbá tán ní 1897 kò tijú láti jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó sọ owó kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú owó náà: ọkọ̀, ọkọ̀ ojú omi, owó ìwọlé. Ìjà tí a bá jà ní ìparí ìrìn ni àlejò yóò gbé lọ sílé.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ lọ sí Gberefu láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ̀mí àlejò wà lọ́rùn ẹni tí ó mú un wá.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí wọn kò tí ì bi pé, "Kí ni o fẹ́ fi Yorùbá ṣe?" Ìdáhùn kan nìyí. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín "mo rí i" àti "wọ́n ní", tí ó lè gba ìtàn lẹ́nu àgbà kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi tirẹ̀ kún un, tí ó sì mọ ìdí tí Zangbeto kì í fi í ṣe eégún, ó ti rin ìdajì ọ̀nà dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ìdajì tí ó kù wà lọ́wọ́ bàbá awakọ̀ tí ó mọ títì. Bí àwa àti irú wọn bá pàdé, àlejò yóò jèrè.

Àwọn afinimọ̀nà káàkiri àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù kejì sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ kan náà ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí. N kò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọjọ́ náà yẹ wá. Bí ó bá tún yí ká, kí ẹgbẹ́ wa wọ bọ́ọ̀sì kan, kí á gba Morogbo kọjá, kí á lọ sí Àgbádárìgì. Kí olúkúlùkù wa mú ibì kan, kí ó kọ́ nípa rẹ̀, kí ó sì fi í han àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ iye ènìyàn nínú wa tí ó jẹ́ amọ̀nà, àti iye tí ó ti di afinimọ̀nà.